Àwọn Tí Owó Iná Wọn Kéré Jù

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òtútù ti dé sí Hull, ṣùgbọ́n ara wa le.

Ẹ bèèrè ilé-iṣẹ́ gáàsì àti iná tí Clive ọkọ mi yàn fún wa. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà náà pé ká má kúrò níbi tí a wà. Ó fi mí rẹ́rìn-ín: “Nerys, ojo ni ẹ́! Owó tiwọn ló kéré jù ní gbogbo ìlú.” Òótọ́ ló sọ. Kí òtútù tó mú dáadáa, wọ́n ti kógbá sílé. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n wá fà wá lé lọ́wọ́, bí a kò bá kọ́kọ́ sanwó, iná kò ní tàn, ilé kò sì ní móoru.

Èmi àti Mabli jọ ń sùn nínú yàrá kan báyìí. Ó gbádùn rẹ̀: “Mọ́mì, ẹ wò ó, ẹnu mi ń rú èéfín!” Ikọ́ rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Clive wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n èèyàn, ilé ibẹ̀ móoru.

Ẹ má wulẹ̀ wá ní Kérésìmesì, à ń kun yàrá àlejò ní ọ̀dà.

Ẹ bá mi kí Dádì, àti gbogbo ará Carmarthen.

Ọmọ yín,
Nerys