Afárá Tí O Yọ Kúrò Nínú Ìrìnàjò Wa

Nínú yàrá mi,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Ìyá mi kékeré, ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn yẹn ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń bá mi ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn mí, ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé kò sì gbọ̀n. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o. Kò sẹ́ni tó bá mi di bírò mú.

Kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀ ti bímọ. Obìnrin ni, orí rẹ̀ sì gùn sẹ́yìn bí ẹyin, bíi ti bàbá rẹ gẹ́lẹ́. Àbúrò rẹ tó ń kan àga ti gbéyàwó. Ìyàwó náà níwà, àfi pé ó máa ń fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni pé abọ́ ọ̀hún ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n bí ìbejì ní ilé kejì sí wa, akọ àti abo. Ayọ̀ pọ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a fẹ́ sọ ọmọ télọ̀ lórúkọ, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa, a kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sórí àga tó yẹ kí bàbá rẹ jókòó lé. Nígbà tó yá, èmi ni mo gba ọmọ náà tí mo sọ ọ́ lórúkọ.

Wọ́n ti fún mi ní físà. Ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì bi mí pé, “Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?” Mo ní, “Mo fẹ́ lọ wòran.” Ó ní, “Ìran wo?” Mo ní, “Èyí tí ẹ̀yin ọmọdé ń yà ní fọ́tò kiri. Àbí ojú àgbà kì í ríran ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ti íǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka sọ́dọ̀ mi. Mo ti íǹkì rẹ̀ padà. Mo gba bírò, mo kọ orúkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì fi àmì ohùn sórí rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà sì ń pòṣé pé mo ń pẹ́. Kí wọ́n máa pòṣé lọ. Ohun tí mo fi àádọ́rin ọdún wá, n kò ní fi ìkánjú ná an.

Ètò ìrìnàjò tí o tẹ̀ ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. Mo gbé e lọ sí kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, olùkọ́ wa sì fi máàpù orílẹ̀-èdè yẹn kọ́ sára ògiri kí gbogbo wa lè bá ọ rìn ín. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń jókòó tì mí, ní, “Màmá, ẹ máa wo ìgboro o, kí ìgboro má baà wò yín!” O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ètò náà dára. Ilé ọba àtijọ́ yẹn wù mí, bí kò bá ti ní àtẹ̀gùn púpọ̀. Òkun wù mí gidigidi. Ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ jọ sí, a óò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n má fi mí sílẹ̀, kí wọ́n má lọ tì mí mọ́ àwọn ẹrù wọn. Kìnnìún inú àgò nìkan ni n kò fẹ́ rí. Ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé, a kì í sanwó lọ wò ó.

Mo wá fi ìka tọ ojú irin lórí máàpù. Láti ìlú rẹ títí dé etí òkun, tààrà ni ọkọ̀ ojú irin ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú ètò tìrẹ, a ó sọ̀ kalẹ̀ ní àárín ọ̀nà, a ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó gba ẹ̀yìn òkè yí po, kí a tó tún lọ bá ọkọ̀ ojú irin níwájú. Olùkọ́ ní, “Màmá, ọmọ yín ti ṣì í. Ẹ wò ó bí ọ̀nà yìí ṣe jìn tó.” Mo ní, “Kò ṣì í.” Mo ká ìwé ètò náà, mo lọ sílé.

Ìlú tí bọ́ọ̀sì yẹn ń yẹ̀ sílẹ̀, ìlú afárá pupa ni. Afárá náà ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ń lọ wòran. Gbogbo ayé ló ń lọ wò ó, ìwọ sì yọ ọ́ kúrò. Mo mọ ìdí rẹ̀. Orí rẹ̀ ni bàbá rẹ wà, tó ń kun ún lọ́dà, tí okùn fi já. Ó máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé, “Ìyá mi, bí mo bá kun ún dé ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ti máa ṣí. Iṣẹ́ yìí kò lè tán láé.” Mo máa ń dá a lóhùn pé iṣẹ́ tí kò tán ni oúnjẹ tí kò tán. Ọ̀rọ̀ yẹn korò lẹ́nu mi títí di òní.

A kò rí owó tí a ó fi gbé e wálé. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló sin ín. Àwọn tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ló da erùpẹ̀ bò ó. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́ta ni bàbá rẹ bí.

Nígbà tí mo sọ nílé pé a ó dé ìlú náà, ìyá rẹ bú sẹ́kún, ó ní kí n má fi ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń pè ní Àjíjà fò dìde: “Ẹsẹ̀ abiyamọ kì í tẹ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí! O ti dàgbà, o kò gbọ́n!” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n dàgbà tán ná, n óò wá gbọ́n.” Inú bí i, ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ jẹun nínú yàrá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ la bá a, n kò sì ní kọjá ọ̀rọ̀ àgbà.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ rèé. Má jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé ìlú náà. Mú mi lọ sórí afárá, kí n fọwọ́ kan irin rẹ̀, bóyá ọ̀dà tirẹ̀ ṣì wà níbìkan lábẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà kí a lọ sí itẹ́ òkú. N óò jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ìwọ ni yóò wọlé.

Mo mọ̀ pé o kò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà ní ilẹ̀ yẹn. Ìyá rẹ sọ fún mi pé o gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dúró, ẹsẹ̀ rẹ kọ̀, o kò lè dìde lórí ìjókòó, ọkọ̀ sì gbé ọ kọjá. N kò bá ọ wí. Ìwọ nìkan lo lọ, ẹrù náà sì wúwo ju orí ọmọdé lọ. Ìbẹ̀rù lo fi ya ọ̀nà yẹn sórí ètò wa, o rò pé bí a bá rí ìran púpọ̀ a kò ní sunkún. Ọmọ mi, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe méjèèjì.

Bí o kò bá lè ṣe é, kọ̀wé sí mi kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. N kò ní bínú, ṣùgbọ́n n kò ní wá. Ara yìí kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè wo òkun kí n kẹ́yìn sí ọmọ mi.

Olúwa yóò dúró tì ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì. Ohun tí ojú mi rí, ojú rẹ kò ní rí i: o kò ní sunkún ọmọ, ọmọ ni yóò sin ọ́, ní ilé rẹ, pẹ̀lú ewú lórí.

Èmi ni,
Ìyá tó bí bàbá rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Ìyá rẹ ní àwọn ọ̀gá bàbá rẹ sọ fún òun pé nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ síbi tó wà. Ọmọ mi kì í ṣe àpò ẹrù. Wá ẹni tó ń gbẹ́ òkúta níbẹ̀, kó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kó sì fi orúkọ èmi ìyá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Sọ fún un kó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, kí n lè kà á láti ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni Àjíjà sọ pé kò gbọdọ̀ débẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ojú. Owó rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ yìí, ọ̀kẹ́ méje náírà.