Ẹ Mu Omi Kànga Náà, Baba

Baba mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Òyìnbó ọdẹ kan pa akọ erin àgbàlagbà lánàá. Eyín erin nìkan ló fẹ́, wọ́n sì pín ẹran fún àwọn abúlé àti àwa tí à ń dáná ní àgọ́ ọdẹ. Òkèlè sadza àti ẹ̀fọ́ ni mo jẹ. Maidei tá a jọ ń dáná ní, "Ọmọ Erin, bù ú jẹ jàre. Tí èèwọ̀ bá mú kí eyín ẹ ká, màá máa bá ẹ rún oúnjẹ." Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní látìgbà tẹ́ ẹ ti gbọ́ pé owó tí irú ọdẹ yìí ń san kó tó pa erin la fi gbẹ́ kànga wa, odò lẹ tún ń lọ, pẹ̀lú orúnkún yín yẹn. Òótọ́ lẹ gbọ́. Mo ti ka ìwé tó ní owó náà ló jẹ́ kí erin ṣẹ́kù, mo tún ka èyí tó ní ìwà ìkà ni. Kò sí èyí tó sọ bóyá ìdílé tí kì í jẹ erin lè mu irú omi bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún. Tí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kó wà lọ́rùn èmi tí mo se ẹran náà.

Ẹ bá mi kí Màámi.

Ọmọ yín,
Ratidzo