Màmá ti fojú rí òkè oníyìnyín

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìdánìkanwà. Ara Màmá le, wọ́n sì ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ìrẹsì àwọn ará Íńdíà yìí kò burú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà wo gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún Màmá. Ó ní iṣẹ́ abẹ tí a torí rẹ̀ wá kò pọn dandan mọ́, kí á máa tọ́jú wọn nílé. Màmá wá bi í pé, "Dókítà, òkè tí yìnyín bo orí rẹ̀, ṣé ó jìnnà síbí?"

Ó ní ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ ni.

Màmá ní, "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Oǹdó nípa rẹ̀, n kò fojú rí i rí."

Àná la lọ. Mo fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì wọ́n dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Wọ́n bu yìnyín sọ́wọ́, wọ́n dì í mú títí ó fi yọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí mo fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n ní, "Monílọ́lá, jẹ́ kí n tún gèlè mi wé. Èyí ni bàbá rẹ máa lò lọ́jọ́ ìsìnkú mi."

Mo yà á, ó dára púpọ̀.

Oṣù méjì la ní a ó lò, ṣùgbọ́n Jímọ̀ yìí la ó dé. Kí àbúrò mi Ọmọ́níyì wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, kó mú ìrọ̀rí dání. Ẹ bá wa kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kí yín, wọ́n ní kí ẹ máa jẹun lásìkò.

Ọmọ yín,
Monílọ́lá