Faransé tí Mùínàt Kọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹta, 1966
Ìjerò. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi nílé Bàbá Katikíísì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Ọmọ Ìbàdàn" ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò kọ́ Faransé rí. Lónìí Kó-kó-kó (tíṣà Faransé, bàtà rẹ̀ ló ń dún bẹ́ẹ̀) pè mí síwájú. Ó ní kí n kọ "wọ́n ti ilẹ̀kùn"; mo kọ "La porte est fermé." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo bá kùnà ìdánwò, wọn yóò dá mi padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24
Mùínàt tó ń jókòó lẹ́yìn mi — ọmọ aláṣọ — fà mí lọ sábẹ́ máńgòrò. "Ọmọ Ìbàdàn, ta ni wọ́n ṣe nǹkan ọ̀hún sí? Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì. Obìnrin sì ni ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Ṣé obìnrin ń jáde láìró aṣọ ni? 'E' kejì tí o gbàgbé ní ìdí 'fermée' ni ìró rẹ̀! Bí wọ́n bá pọ̀, fi 's' tì í." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ mi nílùú yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29
Máńgòrò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìró ti yé mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹrin
Iléyá. Mùínàt gbé ẹran wá nínú àwo tánganran. "Màmá ní tìrẹ nìyí." Ẹtì inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì — àwa Àgùdà kì í jẹran lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n "O ṣé. Mo ti yó" ni mo rí sọ. Ó wo àwo, ó wò mí. "Àbí nítorí pé Ìmàle ló pa á?" Kí n tó lanu, ó ti yí padà.

Bàbá Katikíísì gbọ́. "Ò bá gbà á, kí o dín in pamọ́ di ọ̀la. Ta ní ń dá ẹran Iléyá padà?"

N kò jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 4
Ìdánwò Faransé. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, lẹ́tà — gbogbo wọn ni mo ró aṣọ fún. Mùínàt ti kúrò lẹ́yìn mi.

Ọjọ́rú, 6
Mo yege. Kó-kó-kó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Mùínàt náà pàtẹ́wọ́. Kò wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, 10. Àjíǹde.
Mo gbé ìrẹsì àti adìẹ lọ sílé wọn. Lójú ọ̀nà mo ń tún un sọ lẹ́nu: Ẹtì ni, Lẹ́ńtì ni. Ìyá rẹ̀ yọ̀ mọ́ mi. Mùínàt jáde. Mo nawọ́ àwo sí i. "Mùínàt, ọjọ́ Ẹtì yẹn, Lẹ́ńtì ni —"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí a ń rín sí àlejò.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Mo ti yó."

Ẹgbẹ́ mi ni. "Ẹ" ló fi dá mi lóhùn.