Iṣu Mẹ́fà Nínú Ọkọ̀ Òfurufú Yaa

Ilé Bákàrè,
Ashanti New Town,
Kumasi, Ghana.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 1958.

Sìnótù, àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá Táhírù, mo kí gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Àwa náà wà, alhamdulillahi.

Mo kọ̀wé lóṣù tó kọjá pé Mùnírátù ọmọ mi yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀, yóò sì wá kọ́ òwò aṣọ lọ́dọ̀ rẹ. Jọ̀wọ́, má retí rẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ṣé o rántí Yaa, ọmọbìnrin Kojo tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ọgbà mẹkáníìkì Suame Magazine, tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú epo ọkọ̀ lọ́wọ́? Ó ti di awakọ̀ òfurufú! Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa. Nígbà tí òjò gé ọ̀nà òkè àríwá, òun ló ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oògùn lọ fún àwọn ará ibẹ̀. Ọmọbìnrin méjì sì ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Accra.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan ló wa ọkọ̀ kékeré kan wá sí pápá ọkọ̀ òfurufú níbí. Ó ní èmi ni òun yóò kọ́kọ́ gbé fò. Mo bi í bóyá ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rù tó ń bà mí dín kù.

Wọ́n gbé òṣùwọ̀n kòkó wá, Mùnírátù sì ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé ju irínwó pọ́ùn lọ. Yaa jẹ́ àádóje, èmi jẹ́ ọgọ́sàn-án (má rẹ́rìn-ín), epo jẹ́ ọgọ́rin. Ó ku mẹ́wàá péré.

O mọ ìṣe wa: bí àlejò bá kọ ẹ̀bùn, a ó fi pamọ́ sínú ẹrù rẹ̀. Yaa ti kọ iṣu tí mo fún un láti àárọ̀. Bó ṣe ń yẹ ẹ̀rọ wò, mo ki iṣu mẹ́fà sẹ́yìn àga, mo fi ìborùn bò wọ́n, mo sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rọ ti ń ké nígbà tí Mùnírátù sáré dé. “Àǹtí Yaa, ẹ dúró! N kò rí iṣu Màámi nílẹ̀ mọ́!”

“Iṣu wo?”

“Mẹ́fà ni. Èmi ni mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n láàárọ̀, pọ́ùn mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjìdínláàádọ́ta! Ẹ ti fi méjìdínlógójì kọjá!”

Yaa pa ẹ̀rọ, ó ká ìborùn mi kúrò. “Maame, ṣé orí igi iwájú yẹn ni ẹ fẹ́ kí a ti jẹ iṣu yìí ni?”

Gbogbo èrò tó wá wòran bú sẹ́rìn-ín. Ó bi ọmọ náà pé kíláàsì wo ló wà. Mùnírátù wolẹ̀. “Wọ́n ní kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀, kí n lọ kọ́ òwò.”

Yaa kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Maame, ìṣirò tí ọmọ yìí ṣe ni mo lọ kọ́ lókè òkun. Òun ló yọ wá lónìí.”

Sìnótù, èmi tí mo máa ń ṣírò ohun gbogbo, èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu jáde.

A sọ iṣu márùn-ún kalẹ̀. Ọ̀kan bá wa fò, nítorí Mùnírátù ní àyè rẹ̀ wà. Mo rí òrùlé àwọn ilé àdúgbò Dichemso láti òkè! Kí n tó ka ọgbọ̀n, a ti kọjá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú Mùnírátù padà sí ilé-ìwé. Bá mi kí Jímọ̀h àti àwọn ìyá wa. Àpótí tí mo ti rà fún ìrìnàjò ọmọ náà kò ṣòfò: ìwé ló kó kún inú rẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti dé òkè rí,
Wúlẹ̀mọ̀tù.