Ọjọ́ Tí Màámi Pe Orúkọ Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Ẹ má bínú pé inú ìwé iléèwé mi ni mo ti fa ewé tí mo fi kọ èyí ya. Inú mi ò dùn. Láti àná ni mi ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé. Màámi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ mí mú. Tí mo bá ti ṣe báyìí, ẹ ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ kí ẹ tó dá Màámi lóhùn, ẹ ó gbé bọ̀ọ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ó bá tiyín lọ. Kò sẹ́ni tó ń gbé bọ̀ọ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ rántí pé méjì ni. Ní iléèwé, Táyọ̀ ni wọ́n kọ síbi orúkọ bàbá mi, torí lọ́jọ́ tí Màámi mú mi lọ síbẹ̀, tíṣà béèrè pé ta ni bàbá ọmọ yìí, wọ́n sì ní Bàbá Táyọ̀ ni. Kí ni wọn ì bá sọ? Ìyàwó kì í fẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Tíṣà ò mọ̀ pé Táyọ̀ ni àkọ́bí yín, tó kú kó tó mọ ìrìn rìn. Bí mo ṣe ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n tí mi ò fojú rí nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín wá mú mi lọ gba káàdì ìdánimọ̀ ní Odigbo, káàdì tiyín lẹ fi hàn wọ́n, orúkọ yín gangan ni wọ́n sì kọ fún mi. Ẹ ní ẹ máa lọ búra ní kóòtù pé ọmọ kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Ẹ ní tí a bá ti já kòkó tán. A já kòkó tán. Ẹ ní ó di ìgbà tó bá gbẹ. Kòkó gbẹ, àìsàn dé.

Mo máa ń bínú sí yín nítorí ẹ̀. Àmọ́ mo tún máa ń rántí ọjọ́ ìpàdé òbí, nígbà tí mo ṣe ipò kejì, tí tíṣà ní kí Bàbá Táyọ̀ dìde. Kíá lẹ dìde, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni pé Táyọ̀ gan-an ló ṣe ipò kejì. Ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe ń sọ pé ó dọ̀la, ó dọ̀la? Ṣé ẹ fẹ́ máa gbọ́ ọ ni?

Wàyí o, ọ̀gá iléèwé ní bí orúkọ mi ò bá di ẹyọ kan, òun ò ní fi mí sí ara àwọn tó máa ṣe ìdánwò àṣejáde. Ẹ sì mọ̀ pé mo ti jókòó sílé nígbà àìsàn yín, àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ. Bí èyí náà bá tún bọ́, oko ni. Mi ò fẹ́ oko, Bàbá.

Nítorí náà Màámi ró ìró tí wọ́n ró lọ́jọ́ ìsìnkú yín, a gun ọ̀kadà lọ sí kóòtù ní Ore. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kì í ṣèèyàn burúkú, ó kàn ń kánjú ni. Ó bi wọ́n pé kí lorúkọ ọkọ wọn.

"Bàbá Táyọ̀ ni."

"Màmá, mi ò bi yín lórúkọ ọmọ. Orúkọ ọkọ yín."

"Díákónì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n."

"Oyè ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kì í ṣe orúkọ."

Mo ní ó wà lára káàdì mi, kó wò ó. Ó ní òun ti rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń búra ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, àbí àlè ni bàbá ọmọ yìí? Ẹ bímọ fún un tán, ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀!"

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ìyá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló dá a lóhùn: "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé ni."

Màámi ò wojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, níwájú gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Bàbá Táyọ̀, ẹ forí jì mí." Wọ́n wá pè é.

"Akínmọládùn."

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n sì gbé orí sókè díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá pè yín láti ẹ̀yìnkùlé. Bàbá, mo tẹ́tí sílẹ̀ de ikọ́ yín. Èmi tó bu erùpẹ̀ sí yín lára. Mo sì tẹ́tí.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà. Ní iléèwé lánàá, ọ̀gá fi rúlà fa ilà pupa sórí Táyọ̀, ó kọ orúkọ yín sókè ẹ̀. Màá ṣe ìdánwò. Ó yẹ kínú mi dùn, àbí?

Ṣùgbọ́n wọn kì í fi àmì sí ojú oórì ọmọdé. Ẹ ò ya fọ́tò rẹ̀. Ara orúkọ mi nìkan ni wọ́n kọ Táyọ̀ sí ní gbogbo ayé yìí, èmi ni mo sì mú kí wọ́n pa á rẹ́. Ṣé ẹ ti rí i níbẹ̀? Ṣé ó ti ń rìn? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ yìí, obìnrin kan tó fẹ́ ra ẹyìn wá láti Ajue. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé ilé Díákónì nìyí. Màámi ò kúrò nídìí gàrí tí wọ́n ń yan. Wọ́n kàn gbóhùn sókè pé, "Ilé Bàbá Táyọ̀ ni. Ẹ máa wọlé bọ̀."

Mo dìde níbi tí mo ká gúlútú sí, mo lọ bá wọn koná.

Ẹ sinmi o, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ Akínmọládùn, àbúrò Táyọ̀.