Màmá Victoire Àbẹ̀ní, Ìyá Orí Àpáta Lèma

Ní ọdún 1946, nígbà tí iṣu tuntun ń wọlé, ni a bí Màmá wa, Victoire Àbẹ̀ní, ní agbolé Ìsàlẹ̀-Àpáta ní Lèma, nítòsí Dassa ní ilẹ̀ Benin. Bàbá wọn ni olóògbé Cyprien, àgbẹ̀ oníṣu. Ìyá wọn ni olóògbé Jeanne, tí ohùn wọn máa ń dé ilé kí àwọn fúnra wọn tó ti oko dé. Màmá jogún ohùn náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lónìí mọ̀ pé a kò purọ́.

Ní ọdún 1954, bàbá wọn fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì. CE1, kíláàsì kẹta, ni wọ́n dé tí ìyá wọn fi dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò máa sá iṣu. Faransé díẹ̀ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, wọ́n lò ó títí dọ́jọ́ ikú, pàápàá bí inú bá ń bí wọn.

Ní ọdún 1967, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàbá wa, Eustache, mọlémọlé tí ọwọ́ wọn wà lára ọ̀pọ̀ ilé ní Dassa àti Glazoué. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Màmá kórìíra ilé. Ọkọ wọn ń kọ́lé, Màmá ń gbé omi fún wọn. Ọdún 2009 ni bàbá wa lọ sinmi.

Iṣẹ́ tí Màmá ṣe jù láyé wọn ni iṣu gbígbẹ. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn agbolé wa, tí oòrùn ọyẹ́ máa ń mú gbóná bí ààrò. Olúkúlùkù ìyá ní Lèma ló ní ààyè tirẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó fa ìlà, kò sì sí ẹni tó ń kọjá ààyè rẹ̀. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á sá a síbẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjà Glazoué. Orí àpáta yẹn ni gbogbo wa ti rí owó ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ ìjọ tòótọ́ ni Màmá. Ní gbogbo oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ bá ń wá gbàdúrà ní ihò Arígbó, ihò Màríà Mímọ́ tó wà ní Dassa, ilé wa máa ń kún fún ẹni, Màmá á sì máa fi Faransé sọ ibi tí oníkálukú yóò sùn. Oṣù yẹn náà ni wọ́n máa ń gé iṣu tuntun. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn fún àkọ́bí ní ègé àkọ́kọ́. Gervais ni àkọ́bí, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá ìgbéyàwó.

Ní ọdún 2022, ìròyìn dé pé àwọn aláṣẹ fẹ́ yí ìlò ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn agbolé wa padà. Ilẹ̀ oko ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilẹ̀ ilé, kí ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan lè kọ́ ilé alájà márùn-ún púpọ̀ síbẹ̀, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé yóò máa gbé lórí ara wọn. Àárín ibẹ̀ ni àpáta wà, wọn yóò fọ́ ọ. Bí Lèma ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn olùkọ́, àwọn oní-zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, àti gbogbo ọ̀dọ́ tí ń háyà yàrá ní Dassa ní kí ilé tètè dé. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá oníṣu kọ̀. Gervais wa, tí ó ń ṣe olùkọ́, ló ń gbẹnu sọ fún àwọn ọ̀dọ́. Màmá ló ń gbẹnu sọ fún àwọn ìyá.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, Gervais dìde, ó ní: “Màmá, ẹ lè sá iṣu níbòmíràn. Níbo ni kí àwa sùn?” Màmá dá a lóhùn lójú gbogbo ayé: “Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ àpáta mi, kó má retí iṣu lọ́wọ́ mi mọ́.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Elvire, àbúrò Gervais, ni wọ́n fún ní ègé àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, Elvire náà ni. Gervais á wá, á kí wọn, á jókòó díẹ̀, á sì padà lọ sí Dassa. Ẹ̀rù bà wá gidigidi. Màmá ti dàgbà, a kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé ìjà yìí lọ sí sàréè.

Nígbà òjò ọdún 2024, Marlène, aya Gervais, bí Lucienne. Nílẹ̀ wa, ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ tuntun, ìjà kan kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí Màmá tí wọ́n fi gbé kànìnkàn àti òrí wọn, tí wọ́n gun zémidjan lọ sí Dassa. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọn kò bá Gervais sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí ilé rẹ̀. Kò sí ààyè tí wọn yóò gbé ọpọ́n sí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ náà, tí àwọn tí ń kọjá ń ré ẹsẹ̀ wọn kọjá, tí àwọn ọmọ tó kù ń kọ iṣẹ́ ilé wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí Màmá bá padà sí Lèma, wọ́n á jókòó, ohùn wọn kò ní jáde. A kò rí irú rẹ̀ rí.

Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, níwájú àwọn aláṣẹ, Gervais ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí wọ́n fi àpáta sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí Màmá ti ń wá wẹ ọmọ òun ni òun ti ń wo ọwọ́ wọn, bí ọ̀bẹ iṣu ṣe dá àpá sí i. Àtẹ́wọ́ kò tíì tán tí Màmá fi dìde. Wọ́n ní: “Messieurs, ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ-ọmọ mi ń wẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́ ilé fún àwọn ọmọ wọ̀nyí! Ẹ wá sí oko ọkọ mi létí títì Parakou, ibẹ̀ tẹ́jú.” Ọ̀gá àwọn aláṣẹ béèrè pé ta ló wá fẹ́ ilé, ta ni kò fẹ́? Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àti ọmọ ń wo ara wọn bí ẹni tó ṣèèṣì wọ bàtà ẹlòmíràn jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ìdílé mìíràn ní láti yọ̀ǹda ilẹ̀ etí títì kí àwọn aláṣẹ tó tún ètò náà ṣe ní ọdún 2025. Àpáta àti àwọn oko tó yí i ká wà bí wọ́n ṣe wà. Etí títì ni ilé yóò wà, alájà méjì péré, wọ́n sì ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ló dùn sí i. Ọ̀gbẹ́ni Bàṣírù, oníṣòwò, ti ń múra láti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ òkè, ó sì ń ráhùn títí di òní. Ó wà láàárín wa níbí, a kí i káàbọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Màmá gé iṣu tuntun, wọ́n sì pe Gervais. Wọ́n na ègé àkọ́kọ́ sí i. Wọ́n ní: “Gbà, jẹun, kí o tó tún rí ìpàdé mìíràn lọ.” Ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ọkàn wa balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì balẹ̀ títí di òní.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, Màmá lọ sí Máàsì àárọ̀, wọ́n sá iṣu wọn, wọ́n sì jókòó sídìí ògiri láti sinmi. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn lọ.

Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Gervais, Elvire àti Brice, pẹ̀lú Marlène aya ilé, àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, tí Lucienne, ẹni tí wọ́n wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn. Ó ti ń sáré kiri báyìí.

Ọkà èlùbọ́ tí ẹ ó bá wa jẹ lónìí, iṣu tí Màmá sá kẹ́yìn ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ, Gervais ló gun àpáta, tó kó o nílẹ̀ ní ègé kọ̀ọ̀kan, láti ààyè ìyá rẹ̀, láì kọjá sí ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ sùn ire, Màmá Victoire. Kí Olúwa tẹ́ ẹní fún yín bí ẹ ti ń tẹ́ ẹ fún àlejò. Àpáta yín wà níbẹ̀, ó sì ń gbóná.